Ìkòkò àti Iná: Ọ̀rọ̀ lórí Wíwọ Ìkòkò ní Ẹ̀wù Dígí àti Sísun Ún fún Ìpàtẹ



Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa, ìkòkò méjì ni ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Èkíní jẹ́ àmù tí a rà lọ́wọ́ àwọn ìyá amọ̀kòkò ní ọjà. Ó pọ́n, ara rẹ̀ kò jọ̀lọ̀, ìdí rẹ̀ a sì máa tutù nígbà gbogbo. Èkejì jẹ́ ẹ̀bùn tí a rà fún wa níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà; àwọ̀ rẹ̀ dàbí ti ewé tútù, ó ń dán, a sì ya alángbá àti ejò sí i lára. Àlejò tí ó bá wọlé, èkejì ni ó máa ń wò. Ṣùgbọ́n bí òùngbẹ bá ń gbẹ àlejò náà, inú èkíní ni a ti ń bu omi fún un.

Kì í ṣe pé a kò dán èkejì wò. Ní ọjọ́ kejì tí a gbà á, ìyàwó wa pọn omi kún inú rẹ̀ ní òwúrọ̀, ó sì fi ọmọrí dé e. Nígbà tí ó di ọ̀sán, omi náà lọ́ wọ́ọ́wọ́ bí omi inú garawa. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá Dúpẹ́, ẹ̀bùn yín dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ iṣẹ́ àmù." Ọ̀rọ̀ náà pa wá lẹ́rìn-ín, ó sì mú wa ronú pẹ̀lú. Amọ̀ ni a fi mọ àwọn méjèèjì. Inú iná ni àwọn méjèèjì gbà jáde. Kí ni iná ṣe fún ọ̀kan tí kò ṣe fún èkejì? Kí ni ìkòkò ń gbà, kí ni ó sì ń fi sílẹ̀, kí ó tó lè dé orí pẹpẹ ìpàtẹ? Ohun tí a rí kọ́ nínú ìwádìí wa ni a fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí amọ̀ fúnra rẹ̀. Amọ̀ kì í ṣe ohun mìíràn bí kò ṣe òkúta tí òjò àti afẹ́fẹ́ ti sọ di lẹ́búlẹ́bú láti ọdún gbọ́nhan. Omi oríṣi méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Èkíní ni omi tí a fi pò ó. Ojú rí i, ọwọ́ mọ̀ ọ́n, oòrùn àti afẹ́fẹ́ sì lè gbé e lọ. Èkejì ni omi tí ó ti so mọ́ amọ̀ láti ìgbà tí amọ̀ ti di amọ̀. Ojú kò rí i, oòrùn kò sì lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá gbé ìkòkò tí oòrùn nìkan gbẹ sínú odò, yóò yọ́, yóò sì padà di ẹrẹ̀. Kò sí ohun tí a pàdánù nínú èyí ju àárẹ̀ ọwọ́ lọ, nítorí pé a lè tún un mọ.

Ṣùgbọ́n nígbà tí iná bá mú un tí ìgbóná rẹ̀ sì tó nǹkan bí 450 títí dé 600 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èyí tí omi ń hó ní 100 lórí rẹ̀, omi kejì yóò jáde lọ. Láti ìgbà náà, amọ̀ kò ní lè di ẹrẹ̀ mọ́ láéláé. Ó lè fọ́, ṣùgbọ́n kò lè yọ́. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ tí àwọn baba wa fi àpáàdì tẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn fi ṣì wà níbẹ̀ fún ojú wa láti rí, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ òjò ti rọ̀ lé e lórí tí kò sì ṣàn lọ. Ilẹ̀kùn tí a kì í gbà padà ni iná jẹ́ fún amọ̀. Ohun tí amọ̀kòkò bá gbàgbé láti ṣe kí ìkòkò tó wọlé, kò lè ṣe é mọ́ lẹ́yìn tí ó bá jáde.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo iná tí àwọn ìyá wa ń dá. Ní Dada ní Ìlọrin, ní Ìpetumodù, àti ní Ìsàn-Èkìtì, àwọn obìnrin ni ó ni iṣẹ́ ìkòkò mímọ láti ìrandíran. Gbangba ni wọ́n ti ń sun ún. Wọn a tẹ́ igi sílẹ̀, wọn a to ìkòkò gbígbẹ lé e lórí, wọn a fi ẹ̀ka igi àti koríko gbígbẹ bò wọ́n, wọn a sì tiná bọ̀ ọ́. Kò sí ògiri, kò sí òrùlé. Iná náà a ru sókè kíákíá, kì í sì í pẹ́ kí ó tó ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tán. Ìgbóná irú iná bẹ́ẹ̀ a máa tó 600 sí 900. Ó tó láti lé omi kejì jáde, ṣùgbọ́n kò tó láti mú kí ọkà amọ̀ yọ́ pọ̀ mọ́ ara wọn. Nítorí náà ara ìkòkò náà kún fún ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí.

Àwọn ihò wọ̀nyí kì í ṣe àléébù. Nínú àmù, omi a máa gba inú wọn yọ sí ara ìkòkò bí òógùn. Afẹ́fẹ́ a gbé òógùn náà lọ, bí ó sì ti ń lọ ni ó ń mú ooru omi tí ó kù nínú àmù lọ pẹ̀lú. Bí àmù kò bá lè làágùn, kò lè tu omi. Nínú ìsáàsùn ọbẹ̀, iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n ń ṣe. Nígbà tí iná bá mú ìdí ìsáàsùn lójijì, apá tí ó gbóná a fẹ́ wú, apá tí ó tutù a sì kọ̀. Ihò wẹ́wẹ́ náà àti yanrìn tí a pò mọ́ amọ̀ ni ó ń fún un láyè kí ó má baà sán. Àwọn àgbà kò purọ́ nígbà tí wọ́n wí pé àpáàdì ni ó tó ko iná lójú. Ẹ fi òwe yìí pamọ́ sí ọkàn, nítorí a ó padà wá sórí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ rò pé àwọn ìyá wa kò mọ̀ pé ihò wà. Ní Ìlọrin, nígbà tí ìkòkò bá ṣì gbóná láti inú iná, wọn a fi igi gbé e, wọn a sì rì í sínú omi tí a ti fi èèpo èso igi igbá sè. Omi náà a jóná mọ́ ara ìkòkò, a fún un ní àwọ̀ pípọ́n tí ó dúdú díẹ̀, a sì dí nínú àwọn ihò náà. Ó ń dán díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe dígí. Ìkòkò bẹ́ẹ̀ ṣì lè mí.

Ta ni ó wá mú iná kejì, iná inú ìléru gíga, wá sí àárín àwọn obìnrin amọ̀kòkò ilẹ̀ wa? A ní láti kúrò ní ilẹ̀ Yorùbá fún ìgbà díẹ̀, kí a sì lọ sí Abuja. Kì í ṣe olú-ìlú wa tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lónìí ni à ń wí, bí kò ṣe ìlú àtijọ́ tí ó yọ̀ǹda orúkọ rẹ̀ fún olú-ìlú náà ní 1976, tí òun fúnra rẹ̀ sì di Suleja. Níbẹ̀ ni Michael Cardew, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a bí ní 1901, dá ibi ìkọ́ṣẹ́ ìkòkò sílẹ̀ lẹ́yìn tí ó dé Nàìjíríà ní 1951. Kì í ṣe ọmọdé nínú iṣẹ́ náà. Ó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bernard Leach ní St Ives láti 1923. Ó sì ti ṣiṣẹ́ ní Achimota àti ní Vume ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí, níbi tí iná ti já a kulẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ilé iṣẹ́ ńlá tí ó wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní Alajo ni a pa dé ní 1945. Ẹni tí ó dé Abuja kì í ṣe ẹni tí kò tí ì kùnà rí. Ẹni tí ó ti mọ ohun tí ìléru lè gbà lọ́wọ́ ènìyàn ni.

Ní ààfin Ẹ́míà Abuja, Suleiman Barau, Cardew rí àwọn ìkòkò omi kan tí wọ́n dára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi béèrè ẹni tí ó mọ wọ́n. Ladi ni, obìnrin ará Kwali, ọmọ ẹ̀yà Gbagyi tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Gwari. Ẹ̀gbọ́n òbí rẹ̀ obìnrin ni ó kọ́ ọ ní iṣẹ́ náà. Ní 1954 ó wá sí ibi ìkọ́ṣẹ́ ní Abuja, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin ń lo àgbá tí ń yí po láti fi mọ ìkòkò. Ṣùgbọ́n ní ti Ladi, ìkòkò ni ó dúró sójú kan, òun ni ó sì ń yí ká a, tí ó ń to okùn amọ̀ lé ara wọn, tí ó sì ń fi ọwọ́ fà wọ́n sókè títí ikùn ìkòkò yóò fi yọ. Lẹ́yìn èyí ni yóò fín alángbá, àkèekèé, ejò àti ọ̀gà sí i lára. A ó fi amọ̀ funfun dí ojú ibi tí ó fín, kí ó lè hàn kedere lábẹ́ ohun dídán tí a ó fi bò ó. Irú ìkòkò wọ̀nyí, pẹ̀lú iṣẹ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ni a kó lọ sí ìlú Lọ́ńdọ̀nù, tí a sì pàtẹ wọn ní Berkeley Galleries ní 1958, ní 1959 àti ní 1962.

Kí ni ohun dídán náà? Òun ni èyí tí ẹ ń rí lójú abọ́ tánganran olówó iyebíye. Nínú ọ̀rọ̀ wa yìí, àwa yóò máa pè é ní ẹ̀wù dígí, nítorí pé dígí ni ní tòótọ́, ó sì wọ̀ mọ́ ara ìkòkò bí ẹ̀wù. Àwọn ará Ṣáínà ni ó kọ́kọ́ mọ ẹ̀wù dígí ti orí iná gíga, ní ohun tí ó lé ní 3,000 ọdún sẹ́yìn. Nínú ìléru wọn, eérú igi a máa fò bá iná, a sì máa bà lé èjìká ìkòkò. Ibi tí ó bà lé ni wọ́n rí i tí ó di dígí. Ohun tí eérú ṣe láìjẹ́ pé a rán an ni ènìyàn wá kọ́ láti máa mọ̀ọ́mọ̀ ṣe.

Ohun mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀. Èkíní ni yanrìn tàbí òkúta funfun líle tí a lọ̀ kúnná. Òun ni egungun dígí. Ṣùgbọ́n yanrìn nìkan kò ní yọ́ títí ìgbóná yóò fi tó nǹkan bí 1,700, èyí tí ìléru amọ̀kòkò kò lè dé. Nítorí náà a nílò ohun kejì tí yóò tètè mú un rọ̀. Eérú igi lè ṣe èyí, bẹ́ẹ̀ ni òkúta tí àwọn onímọ̀ ń pè ní feldspar. Ìyàlẹ́nu kọ́ ni agbára eérú jẹ́ fún wa, nítorí pé omi eérú ni àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú, òun náà ni wọ́n sì fi ń pa aró. Ẹ̀kẹta ni amọ̀ díẹ̀, kí dígí tí ó yọ́ náà má baà tú dànù. Bí eérú bá pọ̀ jù, ẹ̀wù náà yóò ṣàn wálẹ̀ bí oyin, yóò sì lẹ ìkòkò mọ́ pẹpẹ ìléru. Bí yanrìn bá pọ̀ jù, kò ní yọ́ tán, ojú rẹ̀ yóò sì rí hẹ́rẹhẹ̀rẹ bí ahọ́n ológbò.

Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ láti fi wọ̀ ọ́ nìyí. A ó kọ́kọ́ sun ìkòkò lẹ́ẹ̀kan nínú iná tí ó mọ níwọ̀n, tí ó tó nǹkan bí 900 sí 1,000, kí ó lè le kí ó sì tún lè mu omi. A ó po ohun mẹ́ta wọ̀nyí mọ́ omi títí yóò fi rí bí ògì tí kò tí ì jiná. A ó ri ìkòkò bọ inú rẹ̀, a ó ka ení, èjì, ẹ̀ta, a ó sì yọ ọ́. Ara ìkòkò yóò mu omi náà, lẹ́búlẹ́bú yóò sì kù lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọwọ́ tí ó ní òróró bá ti kan ìkòkò náà ṣáájú, lẹ́búlẹ́bú kò ní dì mọ́ ojú ibẹ̀ dáadáa, iná yóò sì tú àṣírí ọwọ́ náà. A ó nu ìsàlẹ̀ ìdí rẹ̀ mọ́ tónítóní kí ó má baà lẹ̀. Nígbà tí a bá ṣe èyí tán, ìkòkò náà kò ní ẹwà kankan: ó funfun ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni tí a fi ẹfun kùn, ọnà tí a fín sí i lára sì ti sọnù lábẹ́ eruku. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yóò rò pé a ti bà á jẹ́ ni.

Àwọ̀ ńkọ́? Ìpẹtà irin, irú èyí tí a ń rí lára ọkọ́ tí ó dógùn-ún, ni ó ń fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀wù dígí ní àwọ̀. Bí ó bá tó ìdá kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún, ó lè mú àwọ̀ ewé wá. Bí ó bá tó mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, àwọ̀ dúdú tàbí ti obì gbígbẹ ni yóò jáde. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé náà kò ní wá bí afẹ́fẹ́ bá kún inú ìléru. Amọ̀kòkò ní láti dín afẹ́fẹ́ kù, kí ebi afẹ́fẹ́ lè pa iná náà. Iná tí ebi ń pa yóò wá ohun tí yóò jẹ níbikíbi, yóò sì gba ọ́síjìn tí ó wà nínú ìpẹtà irin. Irin tí a gba ti ọwọ́ rẹ̀ báyìí ni ó ń fi àwọ̀ ewé hàn. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀, ẹ̀wù kan náà yóò di aláwọ̀ ìyeyè tàbí ti àwọ̀ erùpẹ̀. Nítorí náà, bí ọwọ́ ènìyàn tilẹ̀ po ẹ̀wù náà, iná ni ó ń yan àwọ̀ rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ń múra fún ìpàtẹ ní láti fi èyí sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ gbé ogún ìkòkò lọ, kò gbọdọ̀ mọ ogún. Ó ní láti mọ púpọ̀ sí i, nítorí pé iná yóò gba ìpín tirẹ̀. Ó ní láti fi àwọn àwo kéékèèké dán ẹ̀wù dígí rẹ̀ wò ṣáájú, kí ó sì kọ gbogbo ìwọ̀n sílẹ̀ sínú ìwé, nítorí pé ọkàn ènìyàn a máa gbàgbé. Lẹ́yìn náà ni yóò to ìléru. Ìkòkò kan kò gbọdọ̀ kan èkejì, nítorí pé àwọn méjì tí ẹ̀wù wọn bá kan ara wọn yóò di ọ̀kan títí láé. Ibi kan gbóná nínú ìléru ju ibòmíràn lọ. Amọ̀kòkò ní láti mọ ìwà ìléru rẹ̀ bí ẹni ti ń mọ ìwà ọmọ rẹ̀.

Ìléru, ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa mọ̀ nínú ìwé Dáníẹ́lì, jẹ́ ilé tí a fi bíríkì tí ó lè gba iná kọ́. Ní Abuja, igi ni wọ́n fi ń dá iná rẹ̀. A ti kọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí iná yóò kọ́kọ́ gòkè lọ sí òrùlé, tí yóò tún wálẹ̀ gba àárín àwọn ìkòkò kọjá, kí ó tó bá ihò ìsàlẹ̀ jáde sínú ọ̀nà èéfín. Iná ìbẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré. Bí ó bá yára, omi tí ó kù nínú amọ̀ yóò di ooru híhó, yóò sì fọ́ ìkòkò túútúú. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ a kọ́kọ́ gbóná. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni kí ó máa gbóná. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wákàtí, inú ìléru yóò pọ́n bí epo. Lẹ́yìn náà yóò rí bí ọsàn tí ó pọ́n. Lẹ́yìn náà yóò rí bí ìyeyè. Nígbà tí ó bá sì súnmọ́ 1,280, yóò funfun tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi ní lè wò ó pẹ́. Ní gbogbo àkókò yìí, àwọn tí ń ko igi sí i kò gbọdọ̀ sùn. Iṣẹ́ náà lè gba ọ̀sán àti òru.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ó tó? Ojú nìkan lè tan ni jẹ. Ní 1886, Hermann Seger ní ìlú Berlin ṣe ẹyọ amọ̀ kéékèèké olórí ṣóńṣó. A po ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìwọ̀n tí yóò mú kí ó rọ̀ nígbà tí ìgbóná bá dé ibi tí a yàn fún un. A ó tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ihò tí a fi ń yọjú wo inú ìléru. Nígbà tí èyí tí a ń retí bá tẹrí ba, a mọ̀ pé iná ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tán. A ó dáwọ́ igi dúró, a ó sì fi amọ̀ dí gbogbo ihò pátápátá.

Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ tí ó le jù lọ ti bẹ̀rẹ̀, èyí tí í ṣe dídúró. Ìkòkò tí ó la iná kọjá ṣì lè kú sínú ìtutù. Yanrìn inú amọ̀ a máa wú lójijì nígbà tí ìgbóná bá gòkè kọjá 573, a sì máa sún kì lójijì nígbà tí ó bá sọ̀kalẹ̀ kọjá ibẹ̀. Bí gbogbo ara ìkòkò bá jọ sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò sí ewu. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ tútù bá fẹ́ lu apá kan, apá náà yóò sún kì nígbà tí èyí tí ó kù kò tí ì ṣetán, ìkòkò náà yóò sì là.

A fi ojú wa rí èyí nígbà kan. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí a kò ní dárúkọ rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta láti múra fún ìpàtẹ tí yóò wáyé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Òjò dá iná sísun dúró, ìléru kò sì parí títí di òru ọjọ́rú mọ́jú Ọjọ́bọ̀. Olùkọ́ wọn fẹ́ kí a dúró di ọjọ́ Àìkú. Àwọn àgbààgbà ilé ẹ̀kọ́ náà wí pé a ti kọ ìwé ìpè sí àwọn ènìyàn pàtàkì, a kò sì lè dójú ti ara wa. Àwa pàápàá wà níbẹ̀, a kò sì sọ̀rọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, a yọ bíríkì ẹnu ọ̀nà. Ẹwà tí a rí nínú rẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ: ewé tútù, omi òkun, dúdú kíkí. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Bí a ti ń pàtẹ́wọ́ ni a gbọ́ ìró wẹ́wẹ́ kan: tín, tín, tín, bí ìgbà tí a bá ń fi abẹ́rẹ́ lu ìgò. Olùkọ́ náà nìkan ni ó mọ ohun tí ó jẹ́. Ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó sì jókòó sílẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ohun tí ó ju ìdajì ìkòkò wọn lọ ti là. A pàtẹ èyí tí ó kù, àwọn àlejò sì yìn wọ́n. Kò sí ẹni tí ó béèrè àwọn tí kò sí níbẹ̀. Ọkàn wa kò tí ì dá wa láre nítorí pé a dákẹ́ ní ọjọ́ náà.

Nígbà tí a bá ṣí ìléru ní àkókò tí ó tọ́, yíyàn ni ó kù. A ó fi ìka lu ọ̀kọ̀ọ̀kan; èyí tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá yóò dún bí agogo, èyí tí ó ti là yóò dún bí igbá fífọ́. A ó wò bóyá ẹ̀wù dígí ti ya wẹ́wẹ́ bí irun orí, èyí tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀wù bá sún kì ju ara tí ó wọ̀ ọ́ lọ. A ó bu omi sí i di ọjọ́ kejì lórí pákó gbígbẹ, kí a lè mọ̀ bóyá ó ń jò. Èyí tí ó bá yege nínú gbogbo rẹ̀ ni a ó fi koríko rọ̀ sínú àpótí fún ìrìn àjò.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, kí a sì dáhùn ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀. Kí ni ìkòkò kejì gbà? Ó gba ara tí ó le bí òkúta. Òróró kò lè wọ̀ ọ́, òórùn ọbẹ̀ àná kò lè kù sí i, ọnà ara rẹ̀ kò sì lè parẹ́ títí tí yóò fi fọ́. Kí ni ó fi sílẹ̀? Iná gíga ti mú kí ọkà amọ̀ yọ́ pọ̀, ó ti dí gbogbo ihò, ẹ̀wù dígí sì ti bo ojú rẹ̀. Nítorí náà kò lè làágùn, kò sì lè tu omi. Èyí tí ó yani lẹ́nu jù lọ ni pé ìkòkò tí ó la iná 1,280 kọjá kò lè jókòó lórí ààrò olókùúta mẹ́ta nínú ilé ìdáná wa. Bí iná bá mú ìdí rẹ̀ lójijì, kò sí àyè nínú ara rẹ̀ tí yóò fi wú, yóò là. Àpáàdì ni ó tó ko iná lójú, kì í ṣe tánganran. Ìsáàsùn tí kò mọ ju iná gbangba lọ ni ó ń jí pàdé iná ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́ ní ọdún dé ọdún.

Kì í ṣe láti tàbùkù iṣẹ́ Abuja ni a fi ń wí èyí. Ọlá tọ́ sí Ladi Kwali. Yunifásítì Ahmadu Bello fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ní 1977, ìjọba ilẹ̀ wa fún un ní ẹ̀bùn àṣeyọrí tí ó ga jù lọ fún ìmọ̀ ní 1980. Nígbà tí ó sì kú ní 1984, orúkọ rẹ̀ kò bá a kú. Láti 2007 ni àwòrán rẹ̀ nídìí ìkòkò ti wà lẹ́yìn owó Náírà 20 tí gbogbo wa ń ná. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ìrísí ìkòkò omi ni ó gbé wọ inú ìléru, kò gbé ìrísí ti ilẹ̀ òkèèrè wọ̀ ọ́. Gbogbo ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni ó ti kọ́ tán nídìí iná gbangba ní Kwali kí ó tó fojú kan ìléru. Bí iná àkọ́kọ́ kò bá sí, iná kejì kì bá rí ohun tí yóò sun.

Àwọn tí wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ ṣe náà wà láàárín wa, a sì ń kọjá lára wọn ní ọjà. Kẹ́ẹ̀gì oníke àti fíríìjì ti gba ipò àmù ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé. Ọmọbìnrin tí ó bá rí i pé a kò ra ìkòkò ìyá rẹ̀ kò ní jókòó kọ́ iṣẹ́ náà. A ń ná owó tí àwòrán amọ̀kòkò wà lẹ́yìn rẹ̀, a kò sì ná an lọ́dọ̀ amọ̀kòkò. Bí iṣẹ́ náà bá parẹ́, a kò lè wádìí rẹ̀ nínú ìwé kí a sì tún un dá, nítorí pé ọwọ́ ni ó wà, kì í ṣe inú ìwé.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa kò pọ̀. Nígbà tí ẹ̀yin tí ń ṣètò ìpàtẹ, yálà ti ilé ẹ̀kọ́ tàbí ti ìkórè nínú ìjọ, bá to ohun dídán sórí tábìlì, ẹ fi àmù kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe gbé e síbẹ̀ lófìfo. Ẹ pọn omi kún un láti òru, kí ẹ fi ife lé e lórí, kí ẹ sì kọ orúkọ ìyá tí ó mọ ọ́n sí iwájú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àlejò wo èkejì tẹ́rùn, nítorí pé ó tọ́ ní wíwò. Nígbà tí oòrùn bá sì mú, yóò bu omi mu nínú èkíní, yóò mí kanlẹ̀, yóò sì bi yín ní ibi tí ẹ ti rà á.